Igi tó ń rìn lóru: ṣé ìwé ọmọdé ni?

Ìbéèrè tí ìyá kan fi ránṣẹ́ sí mi nìyí. Mo gé e kúrú díẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́ mà. Manchester ni mò ń gbé. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún 12, wà lọ́dọ̀ mi láti bí oṣù méjì, torí pé wọ́n ń tọ́jú ìyá rẹ̀ fún àrùn jẹjẹrẹ ọmú. A ò tíì jẹ́ kó mọ bó ṣe le tó. A kàn ní kó máa gbàdúrà, pé màmá rẹ̀ ò ní pẹ́ dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà rẹ̀ fún un ní ìwé kan tó ń jẹ́ A Monster Calls. Mo ṣí i wò: igi ńlá kan ń na ọwọ́ wọ ilé ọmọ lóru, gbogbo àwòrán rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyá ọmọ inú ìwé náà tún wá ń ṣàìsàn jẹjẹrẹ! Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n tètè dá a padà, pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń ṣílẹ̀kùn fún nǹkan. Àmọ́ abẹ́ ìrọ̀rí ni ọmọ náà ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ṣé ìwé ọmọdé nìyẹn, mà? Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ kú ìnira, Àǹtí. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá wa kí ìyàwó yín, Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà.

Ẹ má dá ìwé náà padà o. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, kó má lọ di pé ẹ ti kì í bọ inú báàgì ilé ìwé rẹ̀ kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọmọ náà sílẹ̀ kí òun nìkan máa bá ìwé náà yí. Àárín méjèèjì yẹn ni ọ̀rọ̀ mi wà, ó sì máa gùn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí bí ìwé náà ṣe wáyé bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Siobhan Dowd, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ireland ṣùgbọ́n tí wọ́n bí i sí London, ló ro ìtàn náà. Nígbà tó ń rò ó, jẹjẹrẹ ọmú ń bá òun fúnra rẹ̀ jà. Ó ti mọ àwọn tó máa wà nínú ìtàn náà, ó ti mọ ọ̀nà tó máa gbà, ó tilẹ̀ ti kọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò kọ ọ́ parí. Oṣù kẹjọ ọdún 2007 ló kú, ọmọ ọdún 47. Olóòtú rẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé Walker Books wá gbé ohun tó fi sílẹ̀ fún Patrick Ness, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó fi London ṣe ilé, pé kó bá a kọ ọ́ parí. Ness àti Dowd ò rí ara wọn sójú rí láyé. Ìwé náà jáde ní 2011. Ní 2012, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Carnegie, èyí tí àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ní Bìrìtìkó máa ń fún ìwé ọmọdé tó ta yọ jù lọ́dún, ó tún gba Kate Greenaway tó wà fún àwòrán. Kò sí ìwé tó gba méjèèjì pọ̀ ṣáájú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó dá ìtàn yìí sílẹ̀ kì í ṣe ẹni tó jókòó sí ibi kan tó ń wá bó ṣe máa dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Obìnrin tí àìsàn ìyàwó yín ń ṣe ni. Àwòrán tó dúdú bí ìdí ìkòkò lójú yín yẹn, Jim Kay ló yà á. Wọ́n ní kòkòrò wà nínú ohun tó fi tẹ àmì sára bébà, pákó tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì náà wà níbẹ̀. Ẹ tún un wò ní ọ̀sán, kí ẹ wá wò ó bóyá kò ní dà bí ìgbà tí èèyàn jí lóru tí kò tíì mọ èwo ni aṣọ lórí àga, èwo ni èèyàn.

Mo máa wá sọ ìtàn náà fún yín títí dé òpin. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun àwọn òǹkàwé bí a bá sọ ìparí fún wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe adùn rẹ̀ lẹ ń wá.

Conor O'Malley ni ọmọ náà ń jẹ́, ọmọ ọdún 13. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé. Bàbá rẹ̀ ti kó lọ sí Amẹ́ríkà, ó ti fẹ́ ìyàwó míì níbẹ̀, ó sì ti bímọ. Ìyá rẹ̀ ń gba ìtọ́jú, irun orí rẹ̀ ti re. Láti ojú fèrèsé kíṣínì wọn, wọ́n ń rí ṣọ́ọ̀ṣì kan lórí òkè, àti igi yew ńlá kan tó dúró láàárín àwọn sàréè rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, ní aago 12:07, igi yẹn dìde, ó di òmìrán, ó rìn wá sẹ́yìn ilé wọn, ó sì pe ọmọ náà ní orúkọ.

A ò ní igi yew nílé. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti sábà máa ń rí i ní Bìrìtìkó, àwọn míì sì dàgbà ju ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ. Èyí tó wà ní Fortingall ní Scotland, wọ́n gbà pé ó ti lé ní 2,000 ọdún. Májèlé ni ewé rẹ̀, májèlé ni kóró rẹ̀. Ara èso pupa tó yí kóró náà ká nìkan ni kò ní. Igi tó ń gbé pẹ̀lú òkú, tí kì í tètè kú, tó lè pa èèyàn, tó tún lè wò ó sàn. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa Olúwéré inú ìrókò rí ò ní béèrè lọ́wọ́ yín ìdí tó fi jẹ́ pé igi yẹn ló dìde.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró wò dáadáa nìyí: ọmọ náà ò bẹ̀rù. Iwin náà bú ramúramù, ó gbé e sókè, ó ya ẹnu sí i. Conor wò ó, ó ní òun ti rí èyí tó burú jù ú lọ. Ó ya iwin náà alára lẹ́nu. Kí ni ọmọ ọdún 13 rí tó burú ju igi tó ń rìn lọ? Àlákálàá kan ni, tó ń lá léraléra láti ìgbà tí àìsàn ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Àlákálàá yẹn gan-an ni òkùnkùn inú ìwé náà. Inú ọmọ náà ló wà kí igi kankan tó dìde.

Iwin náà bá a dá àdéhùn. Ó ní òun máa pa ìtàn mẹ́ta fún un, lẹ́yìn náà Conor ló máa pa ìkẹrin, ìkẹrin yẹn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ tó ń fi pamọ́. Bí kò bá sọ ọ́, òun máa jẹ ẹ́. Ẹ rí i pé àlọ́ ni ìwé náà, àlọ́ tí wọ́n pa sódì: àgbà pa tiẹ̀, ọmọ ló máa parí rẹ̀. Àwọn ìtàn mẹ́ta náà sì tún sódì sí èyí tí wọ́n ń pa fún wa lábẹ́ òṣùpá. A mọ̀ pé Ìjàpá á jìyà, a sì mọ ẹ̀kọ́ tó máa kọ́ wa. Àwọn wọ̀nyí, bí ẹ bá rò pé ẹ ti mọ ẹni tó jẹ̀bi, ọwọ́ yín ti bọ́ sínú òfìfo.

Ẹ gbọ́ èkíní. Ọba kan fẹ́ ọ̀dọ́ obìnrin, ọba kú, àwọn èèyàn sì ń sọ pé olorì yẹn ló pa á, pé àjẹ́ ni. Ọmọ ọmọ ọba fẹ́ràn ọmọbìnrin àgbẹ̀ kan, ó mú un sá lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá ọmọbìnrin náà nínú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ ọba figbe ta pé olorì ló ṣe é, gbogbo ìlú sì ko igi àti iná lọ bá a. Iwin náà ò jẹ́ kí wọ́n pa á, ó gbé olorì sá lọ síbi tí wọn ò ti ní rí i. Ìdí? Ọmọ ọba fúnra rẹ̀ ló pa ọmọbìnrin náà kí ìlú lè dìde. Àjẹ́ ni olorì lóòótọ́ o, iwin náà ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kò pààyàn. Èmi tí mo dàgbà láàárín àwa tó jẹ́ pé bí ọmọ bá kú nínú agbo ilé, ojú gbogbo wa á lọ sára ìyá àgbà kan náà, mo ka ìtàn yẹn, mo gbé ìwé náà sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Èkejì ni ẹni tẹ́ ẹ sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín á bínú sí jù. Oníṣègùn kan wà, ọ̀kánjúwà ni, oníbìínú ni, owó gọbọi ló ń gbà lọ́wọ́ aláìsàn. Igi yew kan wà nínú ọgbà àlùfáà ìlú. Oníṣègùn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gé e, torí ìwòsàn tó lágbára wà lára rẹ̀. Àlùfáà kọ̀. Ó tún ń wàásù ta kò ó, títí àwọn èèyàn fi pa oníṣègùn tì. Àìsàn wá kọlu àwọn ọmọbìnrin àlùfáà méjèèjì. Àlùfáà sáré tọ ẹni tó ti bà jẹ́ lọ, ó ní kó gé igi náà, kó gba gbogbo ohun tó bá fẹ́, pé òun ṣe tán láti fi ohun tí òun gbà gbọ́ sílẹ̀ pátápátá. Oníṣègùn kọ̀. Àwọn ọmọ náà kú. Ilé ta ni iwin wá wó lulẹ̀? Ilé àlùfáà. Ẹ má sáré bínú. Iwin náà ò sọ pé ìgbàgbọ́ ò dáa. Ohun tó sọ ni pé ìdajì ìwòsàn ni ìgbàgbọ́. Ẹ̀sùn tó fi kan àlùfáà ni pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ dúró nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ẹlòmíì ló ń ṣàìsàn, ó sì wó lọ́jọ́ tó kan tirẹ̀. Mo ti gbọ́ ìwàásù tó mú ju ìyẹn lọ lórí pẹpẹ.

Conor bá iwin náà wó ilé yẹn nínú ìran náà. Nígbà tí ojú rẹ̀ máa fi wálẹ̀, pálọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ti wó jégéjégé, títí kan aago àtayébáyé tí ìyá àgbà ń gẹ̀. Ìyá àgbà wọlé. Kò nà án. Ó wò yíká, ó pariwo kan ṣoṣo, ó sì wó àpótí kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lórí ìdúró.

Ìtàn kẹta kúrú: ọkùnrin kan wà tí ojú ẹnikẹ́ni kì í tó o, kì í ṣe pé àwòrán rẹ̀ ò hàn o, àwọn èèyàn ti fi rírí rẹ̀ sílẹ̀ ni. Conor gan-an nìyẹn ní ilé ìwé. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ nípa ìyá rẹ̀, àwọn tíṣà ń rọra bá a sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì ń yẹ̀ fún un. Bí kò bá ṣe iṣẹ́ ilé, wọ́n á ní kò burú. Ó lu ọmọ kan bolẹ̀ débi pé wọ́n gbé e lọ ọsibítù. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ò fìyà jẹ ẹ́. Ọmọ náà ń wá ìyà kiri, kò rí ẹni tó máa fi jẹ ẹ́. Gbogbo wọn ń ṣàánú rẹ̀ títí wọn ò fi rí i mọ́. Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí nígbà tí ọmọ yín bá fọ́ àwo lọ́la tí ẹ sì fẹ́ sọ pé “má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú, ohun tó wà lọ́rùn rẹ ti tó.” Ẹ ní kó gbá a nílẹ̀.

Ìkẹrin ló kù. Nínú àlákálàá yẹn, ìyá Conor ń já bọ́ láti etí ọ̀gbun, Conor di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ó wá jẹ́wọ́ pé òun lè dì í mú díẹ̀ sí i. Òun ló jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé ìyá òun máa lọ, dídúró tí ó ń dúró de ọjọ́ náà wá ń pa á lára ju ohunkóhun lọ, ó sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí. Òótọ́ tó ń fi pamọ́ nìyẹn, ìdí tó fi ń wá ìyà kiri náà nìyẹn. Ó rò pé ohun tí òun fẹ́ nínú ọkàn ló ń pa ìyá òun.

Mo máa sọ nǹkan kan fún yín tí mi ò sábà ń sọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n ní ibà lásán ni. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá wa, mo sì ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti alẹ́ dé òwúrọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo kúnlẹ̀ lórí ẹní, mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ikọ́ yẹn dákẹ́ kí n lè sùn. Ó dákẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní bàbá ti rìnrìn àjò. Àwọn àgbà ilé wa ò purọ́ láti ṣe mí ní ibi, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọmọdé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo gbé àdúrà yẹn kiri kí n tó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti dàgbà gan-an, mo ti ń bá ọmọ ọlọ́mọ ka ìwé láti bí ogún ọdún, kí n tó ka ìwé tí ọmọ kan ti ṣe ohun tí mo ṣe.

Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè yín, “ṣé ìwé ọmọdé ni,” fi ń rú mi lójú díẹ̀. Ọmọdé máa ń ka ìwé yìí láti inú Conor. Wọ́n á bínú pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n á gbádùn ibi tó ti ń wó nǹkan (ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ọmọ yín bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀), wọ́n á sì mí kanlẹ̀ nígbà tó bá jẹ́wọ́. Àgbàlagbà máa ń kà á láti orí bẹ́ẹ̀dì ìyá náà, tàbí láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ìyá àgbà. Àwa la máa ń sunkún jù. Mo ti rí i kí ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ka ojú ìwé kan náà, kí ọmọ máa wo ìyá rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni yẹn léèrè bóyá wọn ò pa àlọ́ Olúrónbí fún un nígbà tó wà ní kékeré. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ ewúrẹ́, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ àgùntàn, òun jẹ́jẹ̀ẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀ fún igi, igi sì wá gba ọmọ. Àwa ọmọ ọdún mẹ́rin la ń kọ orin rẹ̀, à ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ìwé Fágúnwà tó kọ́kọ́ jáde, tí iwin pọ̀ nínú rẹ̀ bí eṣú, ní 1938, ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS ló gbé e jáde, Fágúnwà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ tíṣà àti onígbàgbọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń kà á. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń sọ yẹn ti wà ní ṣíṣí látìgbà ìyá ìyá wa.

Ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́, kì í kàn ṣe èyí tí wọ́n sọ fún yín ni. Méjì ni mo rí.

Ìyá Conor ò yè é. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà ní ọsibítù lọ́wọ́ lè ka ìwé náà bí ẹni ń ka àsọtẹ́lẹ̀. Ọmọ yín kì í ṣe Conor, ìyàwó yín kì í sì í ṣe ìyá Conor. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń bọ́ nínú jẹjẹrẹ ọmú. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ìyẹn látẹnu èèyàn, kì í ṣe kó máa rò ó lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ ò sì lè sọ ọ́ fún un láìsọ bí nǹkan ṣe rí gan-an.

Ewu kejì, mi ò tíì rí ẹni tó mẹ́nu bà á, òun ló sì ń kọ mí lóminú jù lórí ọ̀rọ̀ yín. Nínú ìwé náà, nígbà tí oògùn yòókù ò ṣiṣẹ́ mọ́, dókítà fún ìyá Conor ní èyí tí wọ́n fi igi yew ṣe. Ọmọ náà yọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀, ó ní ìdí tí iwin náà fi wá nìyẹn. Oògùn náà ò ṣiṣẹ́. Ó fi ìbínú lọ bá iwin, iwin náà sì dá a lóhùn pé kì í ṣe ìyá rẹ̀ ni òun wá wò sàn, Conor fúnra rẹ̀ ni. Ẹ wá wò ó: oògùn yẹn wà láyé lóòótọ́. Ní 1962, wọ́n gé èèpo igi yew kan ní apá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà láti yẹ̀ ẹ́ wò fún jẹjẹrẹ. Monroe Wall àti Mansukh Wani rí ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1971. Paclitaxel ni wọ́n ń pè é. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin ní 1992, fún ti ọmú ní 1994. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kan, docetaxel, ara ewé yew ti Yúróòpù ni wọ́n ti mú un jáde. Wọ́n ń lo méjèèjì fún jẹjẹrẹ ọmú títí dòní. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí ọ̀kan nínú wọn wà nínú omi tó ń kán sí ìyàwó yín lára. Bí ọmọ náà bá ti ka ìwé yẹn tán, tó wá lọ wá orúkọ oògùn màmá rẹ̀ lórí fóònù, kí ni ẹ rò pé ó máa rò? Ẹ sọ fún un ṣáájú. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, láti ara igi yẹn ni. Ẹ ní ó kùnà nínú ìwé torí pé ẹni tó ń kọ ìtàn nílò kó kùnà, pé ní ọsibítù, ó ti gbé ọ̀pọ̀ ìyá padà sílé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé náà fúnra yín. Kò gùn, ìrọ̀lẹ́ méjì ti tó. Ẹ wá bá àbúrò yín àti ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, torí ọmọ wọn ni, àwọn ló sì yẹ kó sọ orúkọ àìsàn náà àti bó ṣe rí fún un, pàápàá ìyá rẹ̀ bó bá lágbára rẹ̀. Kò dáa kí tíṣà àti ìwé ṣáájú ẹnu ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ pátápátá, ẹ ò lè fi agbára ṣe é, ẹ sọ fún tíṣà náà kó jẹ́ kí ìwé yẹn sinmi fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ohun kan fún wọn látẹnu mi: ọmọ tó fi ìwé sábẹ́ ìrọ̀rí ti mọ̀. Kò mọ gbogbo rẹ̀, ó mọ èyí tó burú jù níbẹ̀, ó sì ń fi ohun tí kò mọ̀ dí àlàfo fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹ jọ kà á. Bó bá ní rárá, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má béèrè ohun tó yé e ní orí kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ìdánwò. Bó bá dé orí kan tó pa ìwé dé, tó sì gbé bọ́ọ̀lù jáde, ẹ jẹ́ kó lọ. Ọmọ mọ ìwọ̀n tó lè gbé ju bí a ṣe rò lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní fẹ́ kí ẹ fi fíìmù rẹ̀ ti 2016 bẹ̀rẹ̀. Ó dára, Ness fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohùn Liam Neeson ni wọ́n fi ṣe iwin náà, ilẹ̀ sì máa mì lábẹ́ yín bó bá ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù kì í dúró de ọmọ.

Bó bá sọ fún yín lálẹ́ ọjọ́ kan pé ó ti sú òun, pé ó kàn wu òun kí gbogbo èyí parí, ẹ má pariwo “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.” Ẹ má ní kó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Ẹ ní ó ti sú ẹ̀yin náà. Mo mọ̀ pé ó ti sú yín.

Orí tó kẹ́yìn, inú ọsibítù ni. Iwin náà dúró lẹ́yìn Conor. Ìyá rẹ̀ la ojú díẹ̀, Conor sì sọ fún un pé òun ò fẹ́ kó lọ, ó dì í mú gírígírí, aago ń súnmọ́ 12:07. Ibẹ̀ ni Ness fi í sí. Bí ọmọ yín bá ní kí ẹ̀yin ka orí yẹn fún òun, ẹ kà á. Bí ohùn bá há yín lọ́fun, ẹ dúró, ẹ mu omi díẹ̀, kí ẹ tún máa kà á lọ. Ó máa dúró dè yín.